Ta Ló Sanwó fún Ọ̀tún Aṣíyanbí?

Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1993, àwọn mẹ́ta kan gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n ta ilẹ̀ èèwọ̀ ìlú fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Méjì nínú wọn kú. Ẹ̀kẹta, Ọ̀tún Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé wa, ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri nítorí ẹ̀mí rẹ̀. Olóyè ńlá! A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Àmọ́ ta ni ẹ̀rín yẹn ń bá wí gan-an?

Ẹ wo Mowe àti Ìbafò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ wo Ìfọ̀ lọ́nà Abẹ́òkúta. Oko ẹ̀gẹ́ ti di pulọ́ọ̀tì. Àwa tí owó ilé Èkó lé jáde la ń rà á. Ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀, ó gba owó dẹ́kìn, ó tún ń padà bọ̀ wá gba owó òrùlé. Ẹlòmíì ò tíì kọ́ yàrá kan, ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì pé kì í ṣe títà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin lọ́dún 2016 lòdì sí fífi ipá gbalẹ̀. Òfin wà, ọmọ onílẹ̀ náà ṣì wà.

Torí náà, ọmọ onílẹ̀ ni Aṣíyanbí wa, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? Ẹni tí wọ́n ní kó wá ra pulọ́ọ̀tì ní ìdajì iye tí aládùúgbò ra tiẹ̀, tí wọ́n ní kó má bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀, kó yáa sanwó kílẹ̀ tó ṣú, ṣé kò fura ni? A ò bá ẹni tó wá ìwé, tó mú lọ́yà dání, tí wọ́n ṣì lù ní jìbìtì wí o. Ìyẹn ò jẹ̀bi rárá. Àwa tá a mọ̀ọ́mọ̀ dijú là ń bá wí. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Katakata ti hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dànù, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nípa ẹ̀rín nìyẹn: orí ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lé. Mọ̀lẹ́bí tó jẹ níbẹ̀, ẹ̀jẹ́ńtì tó gba kọmíṣọ́ọ̀nù lápá méjèèjì, oníbàárà tó ní òun ò mọ̀, gbogbo wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fi Ọ̀tún ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́la, fóònù á tún dún: pulọ́ọ̀tì olówó pọ́ọ́kú wà lẹ́yìn Ìfọ̀, méjì péré ló kù.