Kí Ló Dé Tí Ariwo Fi Wọ́n Ju Orin Lọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn ló fi owó ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ra kíbọ́ọ̀dù fún ọmọ òun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ náà, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé, nínú yàrá méjì tí mo háyà lẹ́yìnkùlé ilé onílé kan ní Magodo níbí. Kí ẹ má rò pé mo ti di olówó o. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í sọ ènìyàn di onílé ní Magodo, àfi kí ó máa bá onílé ṣí géètì. Ohun tí ìyá ọmọ náà ní lọ́kàn kò le rárá: ọmọ á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á máa bá wọn lọ sóde ní Sátidé, wọn á máa fún un ní nǹkan, òun náà á sì rí díẹ̀ fi kún owó ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe o. Nígbà tí mo sọ fún un pé owó ti dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́. Synthesizer ni mo fẹ́. Orin pọ́ńkì ni mo fẹ́ máa fi ṣe."

Mo ní, "Orin kí ni?"

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún 1976 sí 1977, àwọn ọ̀dọ́ kan dìde ní Lọ́ńdọ̀nù tí inú ń bí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Sex Pistols ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé kò di dandan kí ènìyàn mọ orin dáadáa kí ó tó kọ ọ́. Kódà ìwé kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún 1977 ya àwòrán ibi tí ìka ń gbé lórí gìtá, oríṣi mẹ́ta péré, ó ní ó tó, kí òǹkàwé lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó ní gìtá pàápàá ti pọ̀ jù. Ní New York, Alan Vega àti Martin Rev, àwọn méjì péré, pe ara wọn ní Suicide, wọ́n sì gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1977. Ẹnì kan ń ké, ẹnì kejì ń tẹ dùùrù oníná olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ kan sì ń lu ìlù fún wọn lẹ́yìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Daniel Miller ra synthesizer Korg 700S àlòkù, ó jókòó sílé, ó gba ohùn rẹ̀ sínú téèpù, ó sì gbé àwo pẹlẹbẹ kékeré kan jáde lọ́dún 1978 lórúkọ The Normal.

Ẹ ṣàkíyèsí i: olówó pọ́ọ́kú, àlòkù. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ ni Korg MS-20. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì tún ṣe irú rẹ̀ kékeré jáde lọ́dún 2013. Mo ní kí ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin ará mi, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti kíbọ́ọ̀dù Yamaha tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń lò! Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ní fèrè, ó ní gòjé òyìnbó, ó ní ìlù lóríṣiríṣi, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ sì lè fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn kan ṣoṣo ni ti MS-20 yìí ń dá jáde lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà sì dà bí ohùn ológbò tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ní, "Kí ló dé tí ariwo fi wọ́n ju orin lọ?"

Mo bínú díẹ̀, n kò ní parọ́. Mo rántí ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n ti ya lórúnkún látilé-iṣẹ́, tí owó rẹ̀ tún ju ti èyí tó pé lọ. Ẹni tí kò rí ṣòkòtò gidi rà ló wọ yíya níṣàájú, kì í ṣe pé ó wù ú. Èyí tó wá ń san owó gọbọi kí ó lè dà bí ẹni tí kò ní, kí la ó ti pe ìyẹn? Mo ní fún ọmọ náà pé irọ́ ni. Mo ní ẹni tó fẹ́ ṣe pọ́ńkì l'Ékòó níbí, ohun tó bá wà nítòsí ni kó gbé, bí àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù ti gbé ohun tó wà nítòsí wọn. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nítòsí tiwa. Mo wá fi kún un, ọ̀rọ̀ tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà: "Àti pé inú kí ló ń bí ìwọ ní Magodo, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ géètì fún ọ?"

Kò dáhùn kíákíá. Ti ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ. Ó ní kíbọ́ọ̀dù tí mo ń wí yẹn, ilé-iṣẹ́ ti ṣe ohùn inú rẹ̀ parí kí ó tó dé ọjà. Ó dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n ti pọ́n sínú ewé: ènìyàn lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí yóò ṣe ki tó mọ́. Ní ti synthesizer, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀ tó ń di ohùn. Ohùn yẹn á wá gba inú ohun kan tí wọ́n ń pè ní filter kọjá. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ tán, mo ní, "Asẹ́ ni." Asẹ́ náà ni lóòótọ́. Bí ìyá ológì ṣe ń da ọkà lílọ̀ sínú asẹ́ tí ògì ń kọjá tí eèrí ń kù, bẹ́ẹ̀ ni eléyìí ń dá apá kan ohùn dúró tó ń jẹ́ kí apá kan lọ. Ọwọ́ ara ẹni lèèyàn á fi yí i kí ojú asẹ́ fẹ̀ tàbí kó há, tó bá sì yí bọ́tìnnì kejì kọjá ààlà, asẹ́ náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dáhùn ti ìbínú. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gbàgbé Kérésì ọdún 2021 ni?"

N kò gbàgbé. Kò sẹ́ni tó wà ní Magodo nígbà náà tó lè gbàgbé. Láàárín ọdún 1984 sí 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé àwọn ènìyàn ní Shangisha. Àwọn tí wọ́n wólé wọn gba ilé-ẹjọ́ lọ lọ́dún 1988, ó sì di oṣù Kejì ọdún 2012 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kí ìjọba fún wọn ní pùlọ́ọ̀tì 549. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn àti àwọn tó jàre ẹjọ́ wọlé wá, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sára ògiri ilé káàkiri pé àwọn ti gba ohun àwọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2022, gómìnà fúnra rẹ̀ ní láti wá sí géètì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé tí a wà yìí náà. Lálẹ́, bí lọ́rì kan bá ti kọjá lójú CMD Road, onílé á jáde, èmi náà á jáde, a ó máa wojú ara wa. Katapílà là ń retí. Katapílà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì tó ń fetí sí gbogbo ẹ́ńjìnì tó ń kọjá, èmi kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé kí lo gbọ́.

Ó ní, "Ohùn yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe orin. Kò sí nínú kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wá a."

Ẹ ò rí i pé mo ti jẹ̀bi ìdajì ẹjọ́ náà? Ṣùgbọ́n ìdajì kejì ṣì wà. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kétu tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n wó láyé ọjọ́un. Mo mú ọmọ náà lọ bá a, mo ní kó sọ fún wa bí katapílà ṣe ń dún. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò rántí katapílà. Páànù lòun rántí. "Páànù máa ń ké tí wọ́n bá ń ká a." Ó ní títí dòní, bí atẹ́gùn bá gbé páànù ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan, òun á dìde dúró kí òun tó mọ̀ pé òun dìde.

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Mo bi í pé, "Ariwo ta ni o fẹ́ fi kọrin báyìí, ti ìyá yìí ni àbí ti onílé wa?" Ó ní òun kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù kí ilé wó, àwọn kan ti rí i tó wó, orí ilẹ̀ kan náà ni.

Mo wá ronú sí ọ̀rọ̀ owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ibi tí kò ṣe pàtàkì ni mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ jù. Ní oṣù Kejì ọdún 1977 tí àwọn pọ́ńkì ń pariwo ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà yẹn náà làwọn sójà jó Kalakuta, ilé Fẹlá, l'Ékòó. Fẹlá kàwé orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olórin rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn dórí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ìbínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ nítorí pé orin rẹ̀ dùn. Ẹ tún wo William Onyeabor ní Enugu. Láàárín ọdún 1977 sí 1985, àwo mẹ́jọ ló gbé jáde, synthesizer ló sì fi ṣe èyí tó pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Lẹ́yìn náà ó fi ayé Jésù bọ orí, kò sì fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè orin yẹn mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 2017. Owó ẹ̀rọ rẹ̀ kò sọ orin náà di irọ́. Dùùrù fífà tí I.K. Dairo gbé wọ jùjú, ti òyìnbó ni. Gìtá tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà fún Sunny Adé, orin àwọn adaràn-màlúù Amẹ́ríkà la mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí irọ́ fẹ́ ti wọlé kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Èmi ló fẹ́ gba ẹnu mi wọlé. Ọmọ náà ló dá a lábàá pé, "Ẹ sáà sọ fún mọ́mì pé kíbọ́ọ̀dù ni. Ó kúkú ní bọ́tìnnì dúdú àti funfun." Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo ti gbé fóònù kí ojú tó tì mí. Orin tí a ní òótọ́ la fẹ́ fi sọ, ká wá fi owó ìyá ẹni tí a parọ́ gbà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀!

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó fóònù ti tán. Ó ní, "Ṣé ó lè fi kọ orin Ọlọ́run?" Mo ní ó lè fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run á ní sùúrù díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èlùbọ́ tí mo tà ní Bódìjà ni owó yẹn. Kíbọ́ọ̀dù ni mo ní kí o rà." Ó sì tọ̀nà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orí èlùbọ́ ni ọ̀rọ̀ wa máa ń padà sí.

A lọ sí Alaba, a ra kíbọ́ọ̀dù àlòkù fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ibi tí a ti ń jáde ni ọmọ náà ti rí nǹkan kékeré kan lórí tábìlì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: Korg monotron. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Bátìrì kéékèèké méjì ló ń lò, bọ́tìnnì yíyí márùn-ún ló ní, kò ní kíì gidi kan, ìka lèèyàn á fà gba orí rẹ̀. Asẹ́ irú ti MS-20 náà ló wà nínú rẹ̀, ó sì tún ní ihò tí ènìyàn lè ti ohùn mìíràn bọ̀. Ọmọ náà ki wáyà bọ fóònù rẹ̀, ohùn jẹnẹrétọ̀ onílé wa tó ti gbà sílẹ̀ wọlé, ó yí bọ́tìnnì kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò wá. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, ìṣeré ọmọdé ni o." Owó tí ọmọ náà ti ń tọ́jú látinú fóònù tó ń bá àwọn ènìyàn tún ṣe ló fi rà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé e lọ sí Kétu. Ìyá náà fi etí kan gbọ́ ọ, ó ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ lọ. Ó ní, "Kò tíì débẹ̀. Páànù kì í ké pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń yí i. Lálẹ́ àná, onílé kan ìlẹ̀kùn wa, ó ní ṣé inverter òun ló ń ké ni. Mo ní rárá o, kó má bínú, aago mẹ́wàá la máa pa á.