Ọmọ Tí A Fà Lé Aláàánú Lọ́wọ́: Ta Ni Yóò Jíhìn?



Ọmọdébìnrin ọdún 12 kan wà ní ilé-kéú mi. Bàbá rẹ̀ ti kú, gbèsè sì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n mọ̀ dé, ó ní òun yóò mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Inú ọmọ dùn, inú ìyá dùn, èmi gan-an ni mo ṣe àdúà ìrìn-àjò fún un. Ó di ọdún kejì kí á tó gbọ́ pé omi ló ń kiri láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan ní ẹ̀bi kò kàn wá, nítorí pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbà láti lọ, àwa kò sì gba kọ́bọ̀.

Àwíjàre àkọ́kọ́ kò dúró. Ẹ mọ̀ pé òwò ọmọ tí kò tíì bàlágà kò múlẹ̀ láìsí àṣẹ alágbàtọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè dá ewúrẹ́ tà, ṣé ó lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀? Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000 lórí fífi ènìyàn ṣòwò náà sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá tilẹ̀ gbà, kò dá ẹni tí ó mú un lọ láre.

Èkejì ńkọ́? Lóòótọ́, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kí á mọ̀ pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tí ó ta ọmọlúàbí, tí ó sì jẹ owó rẹ̀, ṣẹjọ́. Àwa kò jẹ owó. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ànábì Ya‘qub. Àwọn tí ó fi Yusuf lé lọ́wọ́ kì í ṣe àjèjì. Nígbà tí wọ́n tún wá bèèrè àbúrò rẹ̀, ó gba àdéhùn lọ́wọ́ wọn ní orúkọ Ọlọ́hun ná. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìbèèrè ni ẹ̀bi wa. Àdúà mi dípò ìbéèrè mi.

Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Benin tí ó lé ní 100 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sílé. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ mú ọmọ òrukàn tàbí ọmọ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ ní àdúgbò yín, ẹ bèèrè: Níbo? Iṣẹ́ wo? Ta ni yóò gba owó rẹ̀? Ọjọ́ wo ni a óò rí i? Kí ẹnì kan sì dé ibẹ̀. Bí ìdáhùn bá ń yẹ̀, ẹ fi tó àjọ NAPTIP létí.

Ọmọ náà ti padà sílé-kéú. Kí Ọlọ́hun forí jì wá. Āmín.