Òfin Méjì Lórí Ewé Kan

Ẹ̀kọ́ kíkà: Kọ́ríntì Kìíní 6, ẹsẹ 12; Róòmù 13, ẹsẹ 1 dé 7.



Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìjọ kan lónìí tí kò ní ọmọ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, a máa ń mú wọn wá síwájú pẹpẹ, a sì ń gbàdúrà fún wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ìmọ̀ kún àdúrà, nítorí àwọn baba wa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀kan nínú ohun tí àlejò kì í rí níbẹ̀ ni òfin lórí igbó mímu.

Ìjọba oríṣi méjì ni ó wà ní ilẹ̀ náà, ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, olúkúlùkù sì ní òfin àti adájọ́ tirẹ̀. Ní 1996, ìpínlẹ̀ California gba igbó láàyè fún aláìsàn. Ní 2012, Colorado àti Washington gbà á láàyè fún ìgbádùn àwọn àgbàlagbà. New York tẹ̀lé wọn ní 2021, ó sì wí pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè ní áúnsì 3 lọ́wọ́. Texas kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí a bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ ju áúnsì 2 lọ, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 180, kí ó sì san ìtanràn 2,000 dọ́là. Súìtì tí a fi oje igbó ṣe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí a rà ní gbangba ní Colorado, bí a bá gbé e dé Texas, ó di ọ̀ràn ńlá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò tilẹ̀ pé gíráàmù kan, òfin náà ka ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 180 dé ọdún 2 sílẹ̀ fún un. Bí ó bá sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjìyà náà a pọ̀ sí i. Ní Georgia, ẹni tí ó ní áúnsì kan péré lè lo oṣù 12 ní túbú.

Lórí gbogbo ìwọ̀nyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1970 wà, èyí tí kò gba igbó mímu fún ìgbádùn láàyè ní ìpínlẹ̀ kankan. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ààlà ti rú òfin yìí, ìbáà ṣe pé ìpínlẹ̀ méjèèjì ni ó gbà á láàyè.

Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni ó kan àwọn ọmọ wa jùlọ. Ọ̀ràn àlejò, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe é. Ọmọ onílẹ̀ àti àlejò lè jókòó mu ún pọ̀ ní New York. Ọmọ onílẹ̀ a lọ sùn, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú àlejò ti wà nínú ewu. Bí ilé-ẹjọ́ bá dá àlejò lẹ́bi nítorí igbó, a lè dá a padà sí ilé, àfi bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ju gíráàmù 30 lọ, tí ó sì jẹ́ fún ìlò ara rẹ̀. Áúnsì 3 tí New York gbà ju gíráàmù 80 lọ. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ ibodè pé òun mu ún, a lè kọ ìwọlé fún un, bí kò tilẹ̀ dé iwájú adájọ́ rí. Ní 2019, ìlànà kan jáde pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà igbó tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí pàápàá lè kùnà ìwà rere tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ àtidi ọmọ onílẹ̀.

A ó bi wá pé, bí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á láàyè, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó kù níbẹ̀? Pọ́ọ̀lù ti dáhùn: ohun tí a yọ̀ǹda lè ṣàìní èrè, Kristẹni kò sì gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ohunkóhun. Jósẹ́fù jẹ́ àlejò ní Íjíbítì, kò sì sí ojú òbí lára rẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣọ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí ó bá ti ṣe é, a kò wí pé kí ó purọ́ fún aláṣẹ, nítorí irọ́ a máa fi ọ̀ràn kún ọ̀ràn; kí ó wá agbẹjọ́rò kí ó tó la ẹnu, kí ó tó rin ìrìn-àjò, àti kí ó tó tọ́wọ́ bọ ìwé kankan.

Ẹ̀yin ìjọ pẹ̀lú, bí a bá dá ẹnìkan padà wá sí ilé, ẹ má ṣe fi í ṣe orin. Baba tí ó wà nínú àkàwé Olúwa kò dúró béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ ní òkèèrè kí ó tó sáré lọ pàdé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ń ṣọ́ àlejò kí ó pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, kí ó sì fún wọn ní ọgbọ́n, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.