Ìwúre fún Abọ́ Kékeré

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Àgùdà, àdúgbò wa, ti jí, àwọn alákàrà ti gbé epo kaná, ìwọ náà sì ti ilé ìwòsàn dé. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, sún mọ́ mi kí n wúre fún ọ.

Nílé wa, kí a jẹ àjẹyó, kí a jẹ àjẹṣẹ́kù, ni à ń wí. Mi ò ní wú irú ire bẹ́ẹ̀ fún ọ lónìí. Bí a bá pín àpò oúnjẹ inú rẹ sọ́nà márùn-ún, bí ìdá kan péré ni dókítà fi sílẹ̀ fún ọ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí díẹ̀ tó ọ. Kí ṣíbí mẹ́rin ṣe iṣẹ́ abọ́ mẹ́rin. Kí èyí tó bá wọlé mọ ibi tí ara ti ń retí rẹ̀. Àṣẹ.

Ẹyin rèé. Ẹyọ kan ní bíi gíráàmù 6 purotéènì, èròjà amáradàgbà. Ara rẹ sì ń bèèrè gíráàmù 60, ó kéré tán, lójúmọ́. Bí a ṣe ń to ẹyin lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò sì fọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye náà yóò máa pé fún ọ. Ọ̀rá ni a ní kó lọ, a ò ní kí iṣan bá a lọ. Bí irun bá sì ń já ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọkàn rẹ má bá a já. Ó sábà máa ń hù padà.

Ẹja rèé. Orí ni ẹja fi ń la ibú. Orí rẹ yóò bá ọ la ibú oṣù àkọ́kọ́ yìí já. Nígbà tó jẹ́ nǹkan olómi nìkan ni ẹnu rẹ ń gbà, kí omi ẹran sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá ní kí o bọ́ sórí oúnjẹ tó kúnná, rántí àwọn tó ti ilẹ̀ Brazil padà wá sí Èkó, tí à ń pè ní Àgùdà bí a ṣe ń pe àdúgbò wa yìí. Frejon ni wọ́n ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè tó sì kúnná bí ògì, tí wọ́n ń fi ẹja jẹ. Oúnjẹ ọjọ́ tí a kì í jẹ ẹran ni, síbẹ̀ ó ń gbé ènìyàn ró. Kí gbẹ̀gìrì, kí frejon tí kò ní ṣúgà, kí mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ gbé ìwọ náà ró. Pọ̀nmọ́ ò sí nínú abọ́ yìí: ó yi, kò sì tó ẹja í fún iṣan lókun. Ẹja àti ẹyin ni kó máa kọ́kọ́ wọlé. Àmàlà lè tẹ̀lé e bí àyè bá ṣẹ́kù.

A kì í wúre kí oyin má sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé oyin pa mọ́. Ṣúgà tó bá sáré bọ́ sínú ìfun rẹ lè mú àyà rẹ lù kìkì, kí òógùn bò ọ́, kí òòyì kọ́ ọ. Kí adùn ayé rẹ wá láti ara ọmọ rẹ, àti lára àtẹ̀gùn ilé yìí tí o ó máa gùn láì mí hẹlẹ.

Omi rèé. Omi ọ̀rá mẹ́ta, lítà kan àbọ̀, ni kí o máa fà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí o bá jẹun tán, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó mu ún. Sùúrùlérè là ń gbé. Kí sùúrù lérè lẹ́nu rẹ. Jẹ oúnjẹ kúnná, gbé ṣíbí sílẹ̀, mí, kí o tó tún gbé e. Kí oògùn fítámì má sú ọ, nítorí títí ayé ni. Bí èébì ò bá sì dá, má gbé e mọ́ra, padà sọ́dọ̀ dókítà.

Mo tún wúre sórí ẹnu àwọn tó fẹ́ràn rẹ. Lóde ìnáwó, wọn á bu ìrẹsì kún abọ́ fún ọ, wọn á ní, “Ṣé kò sí? O mà ti rù o.” Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó bá ju ikùn rẹ lọ, èébì ló ń fà. Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tútù sí wọn lẹ́nu. Àṣẹ.

Ẹ̀yin ará ilé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé abọ́ ńlá síwájú àbúrò mi mọ́. Ẹ fún un ní kékeré yìí, kí ẹ jẹ́ kó rọra jẹ ẹ́.