Ìgbàgbọ́ àti Òfin: Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Náà?

Ní Àgùdà tí a ń gbé yìí, ojúlé kan náà ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń gbé, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì pín sí ẹ̀sìn méjèèjì. A máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wí pé: “Àwọn Onígbàgbọ́ kò ní òfin, ìgbàgbọ́ nìkan ti tó wọn.” Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Lóòótọ́, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà pé ìgbàgbọ́ ló ń sọ ènìyàn di olódodo, kì í ṣe iṣẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì kan náà ni Jákọ́bù ti kọ́ni pé ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ kò wúlò. Wọn kò sọ òfin nù. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: òfin wo ló yẹ kí ẹni tó gbàgbọ́ rù?

Ìbéèrè yìí dé Èkó. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀. Ó lè gbàgbọ́ tọkàntọkàn, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ní 1917, ọ̀rọ̀ yìí kan náà fa ìyapa láàrin àwọn Mẹ́tọ́díìsì Èkó, òun ló bí United African Methodist Church tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí baálé ilé bá lé ìyàwó kejì lọ nítorí ìrìbọmi, ta ló ru òfin náà? Ọkọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tí kò ṣẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, ó ń wá ibi tí yóò sùn. Ó di 1988 kí ìpàdé Lambeth tó gbà pé kí a ṣe ìrìbọmi fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ kún un, kí a má sì fi ipá mú un kọ ìyàwó kankan, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọkùnrin Mùsùlùmí tó di ìyọ̀ǹda ìyàwó mẹ́rin mú, tó gbàgbé ìdọ́gba tí Alùkùránì fi ṣe májẹ̀mú rẹ̀, òun náà ti di ẹrù lé obìnrin lórí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òfin tí à ń tẹ̀ lé jẹ́rìí gbe ìgbàgbọ́ wa, kí ó má jẹ́rìí takò wá. Àmín.