Àgbà Òṣìkà

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.” Ohun tó máa ń dá mi dúró nínú òwe yìí ni ẹ̀sùn tó fi kan adájọ́ náà. Èèyàn ìbá pè é ní aláìrònú, tàbí oníwàǹwára. Ìkà ni àwọn baba wa pè é.

Kí ló fà á? Ẹ wo ẹ̀gbọ́n tó wá fẹjọ́ àbúrò rẹ̀ sùn lórí oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ apá ibi tó ti dun òun nìkan ni yóò sọ. Kò ní í rántí èyí tí òun náà ṣe. Baálé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní, “Ó dáa, a ti gbọ́ tìrẹ. Ẹ lọ pe àbúrò rẹ̀ wá.” Lẹ́yìn náà, yóò bi ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà léèrè ọ̀rọ̀, yóò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìdí pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Àgbà tó ti pẹ́ nídìí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ dájú pé ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ ló máa ń dà bí ẹni tó jàre. Bó bá wá fo ẹnìkejì dá, kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mọ̀ ni, ẹlòmíràn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

A ti rí irú ìkà bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé wọ́n pè wọ́n lólè. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n mú lórí ìpànìyàn náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbọ́ tẹnu àwọn wọ̀nyí. Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn kò rí ẹni gbọ́ tẹnu wọn rárá.

Kì í ṣe àárín èèyàn méjì nìkan ni ẹjọ́ máa ń wà. Ọ̀rọ̀ ń wá rojọ́ nínú ọkàn wa lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ lórí fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí àrùn náà má bàa mú wa. Àwọn èèyàn ń jí ara wọn lóru nítorí rẹ̀. Àwọn kan kú nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu. Ìbẹ̀rù ló rojọ́, wọ́n sì dá a láre lójú ẹsẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Dókítà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni iyọ̀ púpọ̀ ń ṣe lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ẹnìkejì tó yẹ ká pè. Ìfẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, mo gbà. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò béèrè bóyá inú rere ni adájọ́ fi dájọ́. Ó béèrè bóyá ó gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ìlòkulò òwe yìí wà o, ó sì ń bí mi nínú. Obìnrin fojú wíwú dé ilé ẹbí, wọ́n ní, “Pa ẹnu mọ́, a ò tíì gbọ́ tọkọ ẹ.” Ẹjọ́ ni òwe ní ká má tíì dá, kò ní ká dúró kí a tó tọ́jú ọgbẹ́. Ẹ gbà á sílé, ẹ wẹ ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn síbi tí ọwọ́ ọkùnrin náà kò ti ní í tó o. Bó bá di àárọ̀, ẹ ránṣẹ́ pe ọkọ, kó sọ tẹnu rẹ̀ tán porogodo. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ tán, ẹ dá a, ẹ má fi “ọ̀rọ̀ ẹbí ni” bò ó mọ́lẹ̀.