Ìran Afala

Ẹ ka II Tímótì 1:5

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń rán Tímótì létí ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe baba rẹ̀ ni ó dárúkọ. Lọ́ìsì ìyá-ńlá rẹ̀ ni ó kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan Yùníìsì ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa pẹ̀lú tọ ọ̀nà náà, kí a wo ìran Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ìtàn ìdílé so ìran rẹ̀ mọ́ Aláàfin Abíọ́dún ti Ọ̀yọ́, èyí sì ni ó dùn lẹ́nu wa láti máa wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ìran náà bọ̀, àwa yóò bá okùn ẹrú pàdé. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, a sì mú Afala àti Àjàyí ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Kò pẹ́ tí a fi yà wọ́n nípá. A tà ọmọ títí ó fi dé etí òkun; ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di ará Sàró. Ìyá kò gbúròó ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò gbúròó ìyá, fún ọdún 25. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àjàyí, tí ó ti di àlùfáà nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde.

Mélòó nínú wa ni ó ń ka oríkì baba-ńlá tí ó jọba, tí a sì ń fo ìyá-ńlá tí a rà lọ́jà? Bí a bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ọ̀rọ̀ ẹrú ni a ń wádìí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá wà ní Sàró ní 1829, nígbà tí Àjàyí gbé Susan níyàwó, ta ni ì bá gbà fún ta ni? Ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè orúkọ ìyá-ńlá wọn nílé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọba, ìbáà ṣe ẹni tí a rà.

Ní 1848 ni Afala ṣe ìrìbọmi, ó wà nínú àwọn àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí a fún un, ó sì yẹ ẹ́, nítorí Samuel ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Dandeson ọmọ Àjàyí di àlùfáà. Abigail ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní 1864, ọdún tí a fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ni Abigail bí Herbert Macaulay. Ojú Afala ṣì là sílé ayé nígbà náà. Ní 1883 ni ó tó sùn nínú Olúwa, Herbert sì ti di ọ̀dọ́mọkùnrin.